Oòrùn àti Oorun: Ohun Tó Ń Bọ́ Ẹ̀rọ Inú Igbó

Ẹni tó bá ti Kétu ní Benin kọrí sí ìwọ̀-oòrùn yóò bá odò Ouémé pàdé. Omi náà ti rìnnà jìnnà kó tó débẹ̀: agbègbè Djougou, lókè lọ́hùn-ún ní àríwá Benin, ló ti ń ṣàn bọ̀. Bí òjò bá ya lulẹ̀ lọ́hùn-ún, ará ìsàlẹ̀ odò ni omíyalé ń bọ̀ wá bá. Ta ni yóò wá máa dúró ti odò tọ̀sán-tòru, kó lè sọ bí omi ṣe ga tó?

Ẹ̀rọ ni. Láti 1997 ni àwọn onímọ̀ Benin àti Faransé, lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní AMMA-CATCH lónìí, ti ń wọn òjò, omi odò àti omi abẹ́ ilẹ̀ ní òkè odò Ouémé, lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó nǹkan bí 14,000 kìlómítà níbùú lóròó. Wáyà iná kò dé ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Kí wá ni ẹ̀rọ ń jẹ?

Oòrùn, àti oorun. (Kí òǹkàwé rọra pe ohùn wọn o.)

Ìṣirò kékeré kan yóò fi ohun tí oorun ń ṣe hàn. Ká ní bátìrì kan gba 2,400 mAh. Bí rédíò tí ẹ̀rọ fi ń ránṣẹ́ bá ń fa 40 mA láìsinmi, wákàtí 60 ni bátìrì yóò lò kó tó kú, kò pé ọjọ́ mẹ́ta. Àmọ́ bí ẹ̀rọ bá sùn, tó jẹ́ 0.01 mA ló ń fà, bátìrì yẹn náà á gbé e fún ọdún 27 lórí ìwé. Ogbó á ti pa bátìrì fúnra rẹ̀ kó tó dìgbà náà. Ọ̀rọ̀ sísọ ló sábà máa ń jẹ iná jù, kì í ṣe ìwọ̀n wíwọ̀n.

Ọgbọ́n yìí ni TAHMO ń lò, ètò tó ń gbé ẹ̀rọ ojú ọjọ́ sí ọgbà ilé-ìwé ní Kenya, Gánà, Nàìjíríà àti ibòmíràn. Ẹ̀rọ wọn ń wọn òjò àti atẹ́gùn ní ìṣẹ́jú bíi mélòó kan síra, ó ń kó o jọ, ó wá ń fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù rán an lẹ́ẹ̀kan náà. Bátìrì kéékèèké mẹ́fà, irú ti tọ́ọ̀ṣì, ló wà nínú rẹ̀, páànẹ́lì sólà ara àpótí náà sì ń ṣáàjì wọn.

Èyí tí kò lè sùn ló ni wàhálà. Nínú igbó Bellefoungou, nítòsí Djougou, òpó kan wà tó ń wọn ooru omi tí igi ń mí jáde. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń wo atẹ́gùn lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo, páànẹ́lì ńláńlá ló sì ń bọ́ ọ.

Ọ̀tá gbogbo wọn ni ọyẹ́. Ní Kétu, gúúsù ló yẹ kí páànẹ́lì kọjú sí, kó dà gẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kí òjò lè máa fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n oṣù tí eruku pọ̀ jù ni òjò kì í rọ̀. Àkàbà àti aṣọ tútù ló kù.