Omi Kọ́ Ló Fọ́ Kayak Yín, Èbúté Ni

Lẹ́tà lórí ọ̀rọ̀ yìí ti pọ̀ jù. Kayak olówó ńlá, tí wọ́n fi fáíbà tàbí carbon ṣe, kò tíì pé ọdún kan tí ìdí rẹ̀ ti sán, tí omi ń wọlé. Ẹni tó ṣe ọkọ̀ ni gbogbo yín ń bú. Ẹ sinmi èébú ná.

Mi ò ní kọ́ yín bí a ṣe ń wa ọkọ̀. Ẹ mọ ìyẹn. Ohun tí wọ́n fi ṣe é lẹ ò mọ̀. Aṣọ ni: aṣọ fáíbà, carbon tàbí Kevlar, tí wọ́n rẹ sínú oje tó ń gan, tí à ń pè ní resin. Bó ṣe fẹ́lẹ́ nìyẹn tí kayak ẹlẹ́nìkan tí wọ́n fi ń sáré ní Òlíḿpíìkì fi lè gùn tó mítà 5.2, tí òfin sì gbà kó wọn kìlógíráàmù 12 péré.

Báwo wá ni ohun tó fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń gbé géńdé ọkùnrin? Ibí lọ̀rọ̀ wà. Omi ló ń bá a gbé e. Bí ìdí ọkọ̀ bá rì tó sẹ̀ǹtímítà 10, ohun tí omi fi ń tì í sókè, níbi tó fẹ̀ tó èékánná ìka kan, kò ju nǹkan bíi gíráàmù 10 lọ. Omi ti pín ìwúwo yín káàkiri, ibì kankan ò sì mọ̀ ọ́n lára.

Ní báyìí, ẹ ti imú ọkọ̀ sómi, ẹ fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ lórí òkúta, ẹ wá jókòó sínú rẹ̀. Ká ní kìlógíráàmù 40 bọ́ sórí ṣóńṣó òkúta tó fẹ̀ tó èékánná mẹ́rin. Kìlógíráàmù 10 ló kan èékánná kọ̀ọ̀kan: ìlọ́po 1,000 ohun tí omi ń ṣe! Àárín ọkọ̀ náà á sì tẹ̀, nítorí kò sí nǹkan lábẹ́ rẹ̀. Ẹnu ibi ìjókòó ló sábà máa ń kọ́kọ́ sán, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti dá aṣọ náà lu. Carbon le lóòótọ́, àmọ́ tí agbára rẹ̀ bá pin, ṣe ló ń ṣẹ́. Kevlar kì í tètè ya, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń wọ́ ọ nílẹ̀, á hu irun.

Ẹ má fi fídíò àwọn tó ń jókòó sínú kayak lórí àpáta, tí wọ́n ń yọ̀ bọ́ sódò, dá mi lóhùn. Ọkọ̀ oníke nìyẹn. Tiyín kì í ṣe oníke, ẹ wá ń wọ́ ọ bí ẹni wọ́ igi ìdáná!

Ẹ gbé e. Ẹ pe ẹnì kan kó bá yín gbé e. Ẹ rìn wọ omi títí yóò fi dé orúnkún, kí ọkọ̀ léfòó láti imú dé ìdí, kí ẹ tó wọlé. Ẹsẹ̀ yín á rẹ. Kó rẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà létí ọ̀sà l'Ékòó, ẹ ṣọ́ra fún kọnkéré èbúté tí ìkarahun lẹ̀ mọ́: ó ń gé ìdí ọkọ̀ bí ẹ bá fà á kọjá lórí rẹ̀.

Mo fẹ́ ṣàlàyé àwọn ọkọ̀ tó ní fóòmù láàárín aṣọ méjì, ṣùgbọ́n ìwà àwọn atúnkayakṣe kan ò jẹ́ kí n lè dákẹ́. Wọ́n á fi body filler dí ojú ibi tó sán, wọ́n á kùn ún, wọ́n á gbowó. Filler ò ní aṣọ nínú, kò lè so nǹkan kan pọ̀. Ṣe ni kí wọ́n fi sáńpépà ha inú ibẹ̀, kí wọ́n fi aṣọ tuntun àti resin lẹ̀ ẹ́. Ẹ bi wọ́n pé resin wo. Tó bá jẹ́ epoxy ni wọ́n fi ṣe ọkọ̀ yín, tí wọ́n ń gbé polyester bọ̀, ẹ gba ọkọ̀ yín. Polyester kì í lẹ̀ mọ́ epoxy dáadáa. Kí ẹ tó sanwó, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀. Bí ẹ ò bá rí aṣọ tuntun níbẹ̀, ọ̀dà ni wọ́n tà fún yín.