Ẹ̀rọ Inú Àyà Tó Ń Ta Ọkàn Jí: Ohun Tó Yẹ Kí Ará Ilé Mọ̀

Púpọ̀ nínú wa kò tíì gbàgbé ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2021, tí Christian Eriksen, agbábọ́ọ̀lù Denmark, ṣàdédé ṣubú lulẹ̀ lórí pápá ní Copenhagen láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Wọ́n tẹ àyà rẹ̀, wọ́n sì fi iná ta á jí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní ICD sí i lára. Ítálì kò gbà kó fi gbá bọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ tiwọn, ló bá kọjá sí Brentford ní England lọ́dún 2022.

Iná kékeré kan wà nínú ọkàn fúnra rẹ̀ tó ń pàṣẹ ìgbà tí yóò lù. Bí àṣẹ náà bá dàrú, ọkàn á kàn máa gbọ̀n lásán ni, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ọpọlọ, ẹni náà á sì dákú lójú ẹsẹ̀. Abẹ́ awọ àyà, lápá òsì lọ́pọ̀ ìgbà, ni dókítà ń fi ẹ̀rọ náà sí, wọ́n á sì ti wáyà rẹ̀ gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ dé ọkàn. Ó ń ṣọ́ ọkàn tọ̀sán-tòru. Bí ó bá rí i pé nǹkan ti dàrú, á ta á ní iná. Àwọn tó ti ta rí ní ó dà bí ìgbà tí ẹṣin ta àwọn nípàá láyà.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ọkàn ń dùn ló nílò rẹ̀. Ẹni tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí tó sì yè é, tàbí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ débi pé kò lè ti ju ìdá 35 nínú 100 ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ jáde lẹ́yìn oṣù mélòó kan tó ti ń lo oògùn, ni wọ́n sábà máa ń fi í fún. Kò sì wo ọkàn sàn o! Oògùn kò gbọdọ̀ dúró.

Bí ó bá ta èèyàn lẹ́ẹ̀kan, tí ara rẹ̀ sì balẹ̀, kó pe dókítà rẹ̀. Bí ó bá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tàbí tí ara kò yá, ilé ìwòsàn lẹsẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tó dì í mú lásìkò náà kò ní fara pa. Fóònù ò gbọdọ̀ wà nínú àpò àyà tó wà lórí ẹ̀rọ náà.

Èyí tí àwọn ẹbí kì í fẹ́ gbọ́ ló kù. Ẹ̀rọ ò mọ̀ pé àsìkò aláìsàn ti tó. Bí àìsàn mìíràn bá ti fẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀, ẹ̀rọ náà ṣì lè máa ta á bí a ṣe ń pe kálímà ṣàádà sí i létí. Dókítà lè pa apá tó ń ta iná náà láti òde, láìfi ọ̀bẹ kàn án. Pípa á kì í ṣe pípa aláìsàn: ọkàn á máa lù títí Ọlọ́hun yóò fi gba ẹ̀mí rẹ̀. Nígbà tí ẹnu aláìsàn ṣì ń sọ̀rọ̀ ló yẹ kí ẹ ti bá a sọ ọ́, kì í ṣe ní ọ̀gànjọ́ òru tí gbogbo ilé ń sunkún.

Bí ó bá sì kú, ẹ jẹ́ kí ilé ìwòsàn pa á kí ẹ tó wẹ òkú. Kò pọn dandan kí wọ́n yọ ọ́ kí a tó sin ín. Inú iná ló ti léwu, àwa kì í sì í sun òkú. Ẹni tó ń wẹ òkú kò gbọdọ̀ la ibẹ̀ fúnra rẹ̀.