Iyanrìn tí Sandy Lyle fi gba ife ní Ìkòyí

Orúkọ Kenya Open tún ti wà lójú ìwé ìròyìn eré ìdárayá, bó ṣe máa ń rí bí àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun ní Yúróòpù bá ti ya bo Nairobi. Ẹni tó ń kà á lórí fóònù nínú ọkọ̀ láti Lotto sí Èkó lè máà mọ̀ pé irú wọn ti ń wá sí Ìkòyí rí. Nígbà náà, Nigerian Open, Kenya Open àti Zambia Open wà nínú ìdíje alárìnkiri kan tí wọ́n ń pè ní Safari Circuit, tí àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì máa ń wá gbá nígbà tí òtútù bá mú nílé wọn.

Ní 1978, Sandy Lyle, ọmọ ogún ọdún, wá sí Ikoyi Club. Ó gbá 61 àti 63 ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́: 124 lórí ihò 36. Ní ìdá ọgbọọgba, kò gbá bọ́ọ̀lù tó ẹ̀ẹ̀mẹta ààbọ̀ kó tó wọ ihò kan. Òun ló gba ife, àkọ́kọ́ tó gbà látìgbà tó ti sọ gọ́ọ̀fù di iṣẹ́.

Ní Ìkòyí nígbà náà, ojú ibi tí ihò wà kì í ṣe koríko. Browns ni wọ́n ń pè é: iyanrìn tí wọ́n po mọ́ ọ́ìlì dúdú, irú èyí tí mẹkáníìkì ń tú kúrò nínú ẹ́ńjìnnì. Ọ́ìlì yẹn ló ń di iyanrìn mú, tí ọyẹ́ kò fi ní gbé e lọ, tí òjò kò sì ní tètè wọ́ ọ. Kò gba omi bíi koríko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àmọ́ gbogbo ẹsẹ̀ tó bá tẹ̀ ẹ́ ló ń fi ojú sílẹ̀, nítorí náà wọ́n ní láti fi nǹkan wọ́ ọ kó dán kí ẹlòmíì tó gbá.

Ibí yìí làwọn ènìyàn ti máa ń ṣì í: wọ́n rò pé iyanrìn ló sọ eré náà di ọ̀fẹ́. Lóòótọ́, ibẹ̀ sábà máa ń tẹ́jú, bọ́ọ̀lù kì í sì í yà bíi ti orí koríko tó dagẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n iyanrìn ń fà á sẹ́yìn, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá rọ̀ kò ní débẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó sì ti òkè bọ́ lè rì, ó lè ta, bí iyanrìn bá ṣe nípọn tó. Lójú tèmi, browns ran Lyle lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ kan náà ni gbogbo àwọn tó kù ti gbá, kò sì sí ẹni tó bá a. Lyle náà ló wá gba ìdíje ńlá méjì lẹ́yìn náà: The Open ní 1985 àti Masters ní 1988.

Lọ́dún 1978 yẹn kan náà, Seve Ballesteros ló gba Kenya Open. Nairobi ga ju 1,600 mítà lọ, ó tutù, koríko sì fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, mi ò rò pé koríko ló mú Kenya borí wa, torí koríko náà ló wà ní Ìkòyí báyìí. Wọ́n rọ̀ mọ́ ìdíje wọn ni: ó wọ Challenge Tour ní 1991, ó sì di ara ìdíje àgbà Yúróòpù ní 2019. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe àkóso gọ́ọ̀fù nílé wa, ẹ mú Nigerian Open padà, kẹ́ ẹ sì máa ṣe é lọ́dọọdún láìyẹ̀.