Kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ yín kò tíì kú: ohun tí Linux lè ṣe fún àwọn ọmọ géèmù ní Atakpamé, àti ohun tí kò lè ṣe

Bí ẹ bá gba ẹ̀gbẹ́ ọjà Atakpamé kọjá lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ẹ kò ní ṣàìrí wọn: àwọn ọmọ tó ti ilé ẹ̀kọ́ dé, tí wọ́n rọ̀gbà yí tẹlifíṣọ̀n kan ká nínú ṣọ́ọ̀bù kótópó. Ẹni méjì ló ń gbá géèmù bọ́ọ̀lù, àwọn tó kù ń pariwo bí ẹni pé pápá ìṣeré ni wọ́n wà. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń gba owó wẹ́wẹ́, ó sì ń wo aago.

Àwọn òbí kan ka èyí sí ìranù. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ajé ni. Èrè wà níbẹ̀, gbèsè wà níbẹ̀, àdánù náà sì wà níbẹ̀. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ìbéèrè kan sì ti dé bá ọ̀pọ̀ ẹni tó ní kọ̀ǹpútà àlòkù, yálà géèmù ló fi ń ṣe tàbí ìṣirò ọjà: ṣé kí n gbé ẹ̀rọ yìí jù nù ni, àbí ọ̀nà mìíràn wà?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ 14, oṣù kẹwàá

Púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà tí à ń rà lágbègbè wa, tòkúnbọ̀ ni. Wọ́n á ti lò ó fún ọdún mélòó kan ní iléeṣẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́ kan ní ilẹ̀ Yúróòpù, á gba èbúté Lomé wọlé, àwọn oníṣòwò á tún un ṣe, lẹ́yìn náà ló máa wọ mọ́tò wá sí Atakpamé, Anié àti Amlamé. Windows 10 ló wà lórí ọ̀pọ̀ wọn. Windows yìí ni ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà látìgbà tẹ́ ẹ bá ti tàn án. Bí awakọ̀ ló rí: bí kò bá sí i, mọ́tò kò ní kúrò lójú kan.

Lọ́jọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, iléeṣẹ́ Microsoft tó ni Windows dá ìtọ́jú Windows 10 dúró. Kì í ṣe pé àwọn kọ̀ǹpútà náà kú lọ́jọ́ náà o. Wọ́n ṣì ń tàn. Ṣùgbọ́n bí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì bá rí ihò lára Windows 10, Microsoft kò ní bá yín dí i mọ́, àyàfi ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ọdún kan. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn bọ́ sórí Windows 11. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, nítorí Windows 11 kì í gba kọ̀ǹpútà tó bá ti pẹ́. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 2018 ni kò lè wọlé. Bẹ́ẹ̀, irú wọn ló kún ọjà wa.

Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere, bọ́tìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ṣe ètò inú rẹ̀ ló ní òun kò ṣe mọ́.

Kí ni wọ́n ń pè ní Linux?

Awakọ̀ ni Linux náà bíi Windows, àmọ́ kò ní ọ̀gá kan ṣoṣo. Linus Torvalds, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní ìlú Helsinki lórílẹ̀-èdè Finland, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1991. Ó tú u síta kí ẹnikẹ́ni lè wo inú rẹ̀, kí ó tún un ṣe, kí ó sì pín in fún ẹlòmíì. Bí iṣẹ́ àáró lóko ni àwọn tó mọṣẹ́ káàkiri ayé ṣe ń ṣe é títí dòní. Oríṣiríṣi ló ti jáde lára rẹ̀. Ọ̀kan tó gbajúmọ̀ ni Ubuntu, tí Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, gbé jáde lọ́dún 2004. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì sí ẹni tó máa mú yín pé ẹ jí i lò.

Bí ẹ bá rò pé ohun àjèjì ni, ẹ wo fóònù Android tó wà lápò yín. Linux ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ ti ń lò ó láti ọjọ́ yìí wá.

Ohun tí ojú mi rí nílé

Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ ìròyìn, mo ra kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ kan. Èmi ń fi kọ ìròyìn lọ́sàn-án, àbúrò mi ọkùnrin ń gbá géèmù lórí rẹ̀ lálẹ́. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí falẹ̀ bí ìgbín, ó sì kọ Windows 11. Ẹni tó ń bá mi tún un ṣe gbà mí nímọ̀ràn pé kí n tà á fún àwọn tó ń tú ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tà. Mo kọ̀.

Mo wá fláàṣì kan, mo sì gba Linux Mint, tí wọ́n ṣe látara Ubuntu, wá sórí rẹ̀. Dátà tó gbà kò kéré, nítorí náà ilé ọ̀rẹ́ mi kan tó ní íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ṣe é. Ohun tó dùn mọ́ mi ni pé mo lè tan Linux láti inú fláàṣì, kí n dán an wò, kí n má tíì fọwọ́ kan Windows rárá. Ìgbà tó tẹ́ mi lọ́rùn ni mo tó kó gbogbo iṣẹ́ mi pamọ́ sí ibòmíì, tí mo wá fi Linux rọ́pò rẹ̀ pátápátá.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu àbúrò mi ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, bọ́ọ̀lù mi dà?"

Mo ní, "Kò sí níbẹ̀ mọ́."

Ó fajú ro fún ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ló rí SuperTuxKart, géèmù eré mọ́tò tí èèyàn mẹ́rin lè jọ gbá lójú kan náà. A tún fi GCompris sí i fún àwọn ọmọ kékeré ilé, èyí tó ń kọ́ wọn ní lẹ́tà àti ìṣirò. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Kò sí ìpolówó nínú wọn, wọn kò sì ń jẹ dátà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wọlé. Ẹ̀rọ tí wọ́n ní kí n pa tà ló ń ṣe gbogbo èyí.

Iléeṣẹ́ Valve gbé ògbufọ̀ kan jáde

Fún ọdún pípẹ́, ẹni tó bá dárúkọ Linux àti géèmù pọ̀, ẹ̀rín ni wọ́n á fi rín in. Windows, PlayStation àti Xbox ni àwọn iléeṣẹ́ ńlá ń ṣe géèmù fún. Ẹni tó yí ọ̀rọ̀ náà padà ni iléeṣẹ́ Valve ní Amẹ́ríkà, tó ni Steam, ọjà géèmù ńlá orí íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́dún 2015, wọ́n gbé ẹ̀rọ géèmù tó ń lo Linux jáde, àmọ́ kò tà. Wọn kò jáwọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, wọ́n gbé ohun kan tí wọ́n ń pè ní Proton jáde.

Ògbufọ̀ ni Proton. Ẹ fojú inú wo ìyá oníṣu tó ń sọ èdè Ifẹ̀, tó fẹ́ tajà fún oníbàárà tí kò gbọ́ ju Kabiyè lọ. Bí ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì bá dúró láàárín wọn, ọjà á tà. Bẹ́ẹ̀ ni Proton ṣe ń dúró láàárín géèmù tí wọ́n ṣe fún Windows àti kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux. Kì í ṣe Valve nìkan ló ṣe é: orí iṣẹ́ tí àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 1993, tí wọ́n ń pè ní Wine, ni wọ́n kọ́ ọ lé. Ní oṣù kejì ọdún 2022, Valve gbé Steam Deck jáde, ẹ̀rọ géèmù àmúlọ́wọ́ tó ń lo Linux. Lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún géèmù Windows ló ń ṣiṣẹ́ lórí Linux. Síbẹ̀, nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó ń lo Steam ní ìparí ọdún 2025, nǹkan bíi mẹ́ta péré ló ń lo Linux. Wọn kò pọ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín mọ́.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín o: Proton kì í sọ arúgbó ẹ̀rọ di ọ̀dọ́. Géèmù ńlá tí ẹ̀rọ yín kò lè gbé lórí Windows, kò ní gbé e lórí Linux.

Oníbodè kò gba Linux

Ibi tó ti kan àwọn onílé géèmù nìyí. Bọ́ọ̀lù ni oníbàárà wọn ń béèrè, pàápàá EA Sports FC, èyí tó ń jẹ́ FIFA títí di ọdún 2023. Géèmù yìí ní oníbodè tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, tó ń ṣọ́ àwọn tó ń ṣe màgòmágó. Oníbodè náà kì í jẹ́ kí ẹni tó ń lo Linux wọlé. Bákan náà ni Fortnite rí. Apex Legends gba àwọn ará Linux láyè nígbà kan, àmọ́ ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó tilẹ̀kùn mọ́ wọn. Àwọn tó ṣe é ní abẹ́ Linux ni àwọn oníjìbìtì ń sá pamọ́ sí.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Bí màgòmágó bá pọ̀ nínú géèmù, àwọn olóòótọ́ á sá kúrò níbẹ̀, ọjà á sì tú. Mo gba èyí. Àmọ́ ìyà ẹni tó jẹ̀bi ni wọ́n fi ń jẹ ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Ẹ sanwó tán, ta ló wá ni ín?

Lọ́dún 2014, iléeṣẹ́ Ubisoft ti ilẹ̀ Faransé gbé géèmù eré mọ́tò kan jáde, tó ń jẹ́ The Crew. Lọ́jọ́ 31, oṣù kẹta, ọdún 2024, wọ́n pa ẹ̀rọ tó ń gbé géèmù náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó ti fi owó rẹ̀ rà á kò lè gbá a mọ́, kódà bó jẹ́ òun nìkan ló fẹ́ gbá a nínú yàrá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí bí ọmọ Amẹ́ríkà kan, Ross Scott, nínú, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìpolongo pé kí wọ́n yéé pa géèmù tí èèyàn ti rà. Lọ́dún 2025, àwọn tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ náà ní Yúróòpù ju mílíọ̀nù kan lọ. Steam fúnra rẹ̀, láti oṣù kẹwàá ọdún 2024, ti ń kọ ọ́ síbi tí èèyàn ti ń sanwó pé ìyọ̀ǹda láti lo géèmù ni ẹ̀ ń rà.

Bí bàbá kan ní Gnagna tàbí Djama bá ra ọpọ́n ayò lónìí, ọmọ ọmọ rẹ̀ lè ta á. Kò sí ẹni tó máa ránṣẹ́ láti Lomé pé àwọn ti pa ayò dé. Ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Kọ́kọ́rọ́ ọ̀pọ̀ géèmù òde òní ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó tà á. Linux kò wo àìsàn yìí sàn tán: géèmù tẹ́ ẹ bá rà lórí Steam, ìyọ̀ǹda náà ni, bẹ́ ẹ tilẹ̀ ń lo Linux. Àwọn géèmù ọ̀fẹ́ tí gbogbo ayé lè tún ṣe, bíi SuperTuxKart, ni kò sẹ́ni tó lè gbà lọ́wọ́ yín.

Ọmọ tó ń gbá géèmù lè di ẹni tó ń ṣe é

Èyí ló ká mi lára jù. Lọ́dún 2009, wọ́n dá Leti Arts sílẹ̀ ní Accra. Lọ́dún 2012, Maliyo Games bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ní Yaoundé, lórílẹ̀-èdè Cameroon, Kiro'o Games tí Olivier Madiba dá sílẹ̀ gbé Aurion jáde lọ́dún 2016, géèmù tó mú ìtàn rẹ̀ látinú àṣà àti ìtàn ìwáṣẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n sì ń tà á lórí Steam fún gbogbo ayé. Nílẹ̀ wa níbí, ní WoeLab nílùú Lomé, Afate Gnikou kó àjákù kọ̀ǹpútà jọ, ó sì fi ṣe ẹ̀rọ tó ń tẹ nǹkan jáde ní gbọọrọ bí ère, tí òkìkí rẹ̀ kàn lọ́dún 2013. Ohun tí àwọn kan kó dànù ló fi ṣe é.

Irinṣẹ́ ẹni tó fẹ́ ṣe géèmù wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Linux: Godot fún kíkọ géèmù, Blender fún àwòrán. Blender ni wọ́n fi ṣe Flow, fíìmù ilẹ̀ Latvia tó gba Oscar lọ́dún 2025. Ẹni tó ń fi ọkọ́ àyálò roko kò lè sọ pé ọkàn òun balẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Unity, irinṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ àwọn aṣegéèmù ń lò, kéde pé òun yóò máa gbowó lórí iye ìgbà tí èèyàn bá fi géèmù sórí ẹ̀rọ. Ariwo ta, wọ́n sì fagi lé e lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Mi ò sọ pé owó wà nílẹ̀ tí ẹ kàn fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kó. Iṣẹ́ géèmù ń mì lókè òkun pàápàá: ní oṣù kìíní ọdún 2024, Microsoft dá èèyàn 1,900 dúró lẹ́ka géèmù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá mọ bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà àti bí a ṣe ń ya àwòrán, iṣẹ́ ti dé ọwọ́ rẹ̀, bí kò tilẹ̀ ta géèmù kankan.

Ìmọ̀ràn mi

Ẹni tó bá ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò ọjà, tó fi ń kọ lẹ́tà tàbí lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó dán Linux wò láti inú fláàṣì kí ó tó ra ẹ̀rọ mìíràn. Kí ó kọ́kọ́ kó iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́, kí ó sì wò ó bóyá ètò tó fi ń ṣòwò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó ní ilé géèmù, kí ó má fọwọ́ kan ẹ̀rọ bọ́ọ̀lù rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀ wà. Kí ó ya kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọdé, kí ó kó géèmù ọ̀fẹ́ sí i. Ẹ̀yin òbí, ẹ fún wọn ní wákàtí, ẹ má kàn lé wọn.

Àbúrò mi ti ń fi Godot ṣe nǹkan kan báyìí. Ìyá kan ru iṣu, ó ń gun òkè Atakpamé lọ sọ́jà. Iṣu náà máa ń já bọ́ kó tó dé òkè. Lálẹ́ ọjọ́ kan, màmá wa jókòó tì í, ó wò ó títí, ó ní, "Kí ló dé tí kò fi òṣùká sórí?"

Ọjọ́ kejì, òṣùká ti wà lórí ìyá náà.