Owó Tó Há Sọ́nà ní Ọjọ́ Ẹtì

Àwọn baba wa tó sọ ọjọ́ ọ̀sẹ̀ lórúkọ kò mọ báńkì, wọn kò sì gbọ́ orúkọ California rí títí wọ́n fi re ibi àgbà á rè, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ròyìn ohun tó dé bá owó iṣẹ́ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2023 yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ rò pé inú orúkọ tí wọ́n fi sílẹ̀ ni a ti fa ìtàn náà yọ: ọ̀rọ̀ rú ní Ọjọ́rú, ó tì pátápátá ní ọjọ́ Ẹtì, ìjọba kéde ní ọjọ́ Àìkú pé owó ẹnikẹ́ni kò ní í kú, nígbà tó sì di ọjọ́ Ajé, Ajé ògúgúlùsọ̀ ṣílẹ̀kùn. Wọ́n ní orúkọ a máa ro ọmọ. Bóyá ó ń ro ọjọ́ náà, n kò lè sọ. Ohun tí mo lè sọ ni ọ̀nà tí owó òṣìṣẹ́ ń gbà kí ó tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, nítorí ojú ọ̀nà ni owó ọ̀hún há sí, kò sí lọ́dọ̀ ọ̀gá, kò sì sí lọ́dọ̀ òṣìṣẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ lọ́hùn-ún ń sanwó, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì sì ni púpọ̀ nínú wọn ń san án, kì í ṣe oṣù-oṣù bíi tiwa. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ẹnì kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹwàá oṣù yẹn. Kò sí pé ó ń lọ tò síwájú akápò. Orí ibùsùn ló ti nawọ́ mú fóònù, kí ó wò ó bóyá owó ti wọlé, bí àwa náà ṣe ń retí alẹ́ẹ̀tì. Iye tó bá níbẹ̀ ni iye tó fi sílẹ̀ lálẹ́ àná. Ó ti fóònù pa, ó tún un tàn, iye náà kò yẹ̀. Bẹ́ẹ̀ owó ilé ń bọ̀, owó ọkọ̀ tí ó ń san díẹ̀díẹ̀ yóò fúnra rẹ̀ yọ kúrò nínú àpò rẹ̀ láìbi í léèrè bóyá owó wà níbẹ̀ tàbí kò sí, owó ẹni tó ń bá a tọ́jú ọmọ sì tún wà nílẹ̀. Ó pe ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá ní owó ti kúrò lọ́wọ́ àwọn láti àárín ọ̀sẹ̀. Òṣìṣẹ́ kò purọ́, ọ̀gá náà kò purọ́.

Ta ni ó wà láàárín wọn? Nígbà tí àwọn baba wa ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, akápò a gbé àpótí owó wá, a jókòó sẹ́yìn tábìlì, a máa pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù a fọwọ́ síwèé tàbí kí ó tẹ àtàǹpàkò, wọn a ka owó rẹ̀ fún un lójú ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ a sì bùṣe. Láyé òde òní, owó òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà ti di ìṣirò tí í fọ́ni lórí: owó orí ìjọba àpapọ̀ yóò yọ níbẹ̀, ti ìpínlẹ̀ yóò yọ, ti ìfẹ̀yìntì àti ti ìlera yóò yọ, èyí tó bá ṣẹ́kù ni tirẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ilé-iṣẹ́, pàápàá àwọn kéékèèké tí kò lágbára akọ̀wé owó mẹ́ta, fi ń gbé gbogbo rẹ̀ lé ilé-iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó máa báni ṣírò owó, kí ó sì máa báni san án. Abánisanwó yìí yóò kọ́kọ́ fa owó gbogbo òṣìṣẹ́ yọ nínú àpò ọ̀gá, ní ọjọ́ bíi méjì sí mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ ìsanwó, nítorí ètò ACH tí àwọn báńkì ibẹ̀ fi ń kówó ránṣẹ́ síra wọn kì í sáré. Ìdì-ìdì ni ó ń di owó, kì í sì í kó ẹrù ní Àbámẹ́ta àti Àìkú. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, inú báńkì tí abánisanwó ń lò ni owó náà wà. Ó ti kúrò nílé, kò tíì dé oko. Ó dà bí aláàárù tí ilẹ̀ ṣú bá lọ́nà, tó wọ ilé onílé sùn pẹ̀lú ẹrù ẹlẹ́rù. Bí ilé onílé bá jóná lóru, ta ni ẹrù náà jóná fún?

Aláàárù tí mo ń wí ni Rippling, ilé-iṣẹ́ kan ní San Francisco, tí Parker Conrad jẹ́ ọ̀gá àgbà rẹ̀. Ilé onílé ni Silicon Valley Bank, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Santa Clara, California. Báńkì yìí kì í ṣe ti ìyá aláta àti bàbá káfíńtà. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọrí, pẹ̀lú àwọn olówó tó ń dá owó sí wọn lábẹ́, ni àyànfẹ́ rẹ̀. Ní 2020 àti 2021, nígbà tí owó ń ya lu àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí bí omi òjò, owó tí wọ́n fi pamọ́ sí báńkì náà gbéra láti bíi bílíọ̀nù 62 dọ́là ní ìparí 2019 di bílíọ̀nù 189 ní ìparí 2021. Owó tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbé jókòó lásán. Wọ́n fi púpọ̀ nínú rẹ̀ ra bọ́ǹdù ìjọba àti irú bọ́ǹdù tí a gbé ka orí ẹ̀yáwó ilé, èyí tí yóò pẹ́ kó tó gbó, ní àkókò tí èlé orí rẹ̀ kéré jọjọ.

Kò sí olè nínú ọ̀ràn yìí, ohun tó sì fi yẹ kí ó bani lẹ́rù jù nìyẹn. Ẹ wò ó báyìí: bí mo bá yá ìjọba ní 100 dọ́là fún ọdún mẹ́wàá, tí ìjọba sì gbà láti máa fún mi ní dọ́là kan ààbọ̀ lọ́dọọdún, ìwé ọwọ́ mi dára, owó mi kò sì ní í ṣègbé bí mo bá lè dúró kí ọdún pé. Ṣùgbọ́n bí èlé bá lọ sókè, tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ń gba dọ́là mẹ́rin lórí irú 100 dọ́là kan náà, ta ni yóò san 100 dọ́là fún ìwé tèmi? Àfi kí n tà á lọ́pọ̀. Ní Ẹrẹ́nà 2022 ni Federal Reserve, báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èlé kúrò níbi tí kò tó 1 nínú 100, kí ọdún sì tó yípo, ó ti kọjá 4.5. Báńkì tí ẹnikẹ́ni kò wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lè jókòó ti ìwé rẹ̀ kí ó sì máa retí. Ti Santa Clara kò rí ààyè jókòó, nítorí òjò owó ti dá, àwọn ilé-iṣẹ́ tó fi owó síbẹ̀ sì ń wá gbà á ná.

Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹjọ, báńkì náà kéde pé òun ti ta bọ́ǹdù bílíọ̀nù 21 dọ́là, pé òun pàdánù bílíọ̀nù 1.8 lórí rẹ̀, àti pé òun ń wá bílíọ̀nù 2.25 tí òun yóò fi dí ihò náà. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ní Ọjọ́bọ̀, oníkálukú ní kí owó òun bọ̀: bílíọ̀nù 42 dọ́là ni wọ́n fà ní ọjọ́ kan ṣoṣo, láìsí ariwo èrò lẹ́nu ọ̀nà, nítorí orí fóònù àti kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń fà á. Nígbà tí ilẹ̀ fi ṣú, àpò báńkì náà kò kàn ṣófo, ó ti jìn wọ gbèsè mílíọ̀nù 958, bẹ́ẹ̀ bílíọ̀nù 100 mìíràn ń retí láti jáde ní ọjọ́ kejì. Ìṣe àwọn alábòójútó ni láti dúró di ìrọ̀lẹ́ Ẹtì kí wọ́n tó ti báńkì, kí òpin ọ̀sẹ̀ lè bò wọ́n láṣìírí. Èyí kò tó àsìkò ọ̀sán tí wọ́n fi tì í, tí wọ́n sì fa kọ́kọ́rọ́ lé FDIC lọ́wọ́, àjọ tí ń dáàbò bo owó ìfipamọ́.

Owó àwọn òṣìṣẹ́ ṣì wà nínú ilé náà. Àwọn oníbàárà Rippling ti san tiwọn sílẹ̀, aláàárù ti gbé e sùn, ilẹ̀kùn sì ti pa dé. Conrad bọ́ sí gbangba lọ́jọ́ náà, ó sọ bí ó ti rí láìfi igbá kan bọ̀kan nínú, ó ní ìsanwó àwọn kan kò tíì jáde, àti pé àwọn ti ń kó ẹrù tó kù gba ọ̀dọ̀ báńkì JPMorgan Chase lọ. Rippling kó owó ara rẹ̀ sílẹ̀ kí ìsanwó má bàa dúró, ó sì sáré láàárín òpin ọ̀sẹ̀ wá mílíọ̀nù 500 dọ́là lọ́dọ̀ àwọn adókòwò tí Greenoaks ṣáájú. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn lórí èyí. Síbẹ̀, ẹni tó ń ru ẹrù egbèje ènìyàn kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ní ilé ìsùn kan ṣoṣo lójú ọ̀nà. Ẹ̀bi tí mo rí nínú ọ̀ràn náà nìyẹn, ti aláàárù ni.

Ti òṣìṣẹ́ ńkọ́? Òfin kò fi í sílẹ̀. Ní California, ọ̀gá ni ó jẹ ẹ́ lówó, báńkì ìbáà wó, abánisanwó ìbáà sá lọ. Ọ̀gá tó bá pẹ́ sanwó sì lè san ìtanràn 100 dọ́là lórí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìgbà àkọ́kọ́. Adìẹ wá bà lókùn: ọ̀gá ti san owó lẹ́ẹ̀kan, ó sì tún gbọ́dọ̀ san án, bẹ́ẹ̀ inú báńkì kan náà ni èyí tó kù lọ́wọ́ òun gan-an wà. FDIC kò ṣe onídùúró ju 250,000 dọ́là lọ fún ẹni kọ̀ọ̀kan nínú báńkì kan, ohun tó sì lé ní ìdá 90 nínú 100 owó tó wà nínú báńkì yìí ni ó kọjá ààlà náà. Ọgbọ́n kan wà tí òfin fi sílẹ̀: bí abánisanwó bá kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ kedere pé owó oníbàárà ni òun tọ́jú, tí ó sì mọ iye ti olúkúlùkù, ìdúró náà yóò kọjá lórí aláàárù, yóò sì dé orí ẹlẹ́rù. Ìwé tó mọ́ ló ń ṣiṣẹ́ yìí, kì í ṣe ẹnu dídùn.

Garry Tan, olórí Y Combinator, ilé-iṣẹ́ tó ti fọwọ́ ran Paystack àti Flutterwave tiwa lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá kòrò, kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Janet Yellen, tó jẹ́ mínísítà ètò ìṣúná Amẹ́ríkà nígbà náà, nítorí àwọn tí owó wọn há síbẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlá, ilé ìṣúná, Federal Reserve àti FDIC fẹnu kò pé gbogbo ẹni tó fi owó síbẹ̀, àti ẹni tí owó rẹ̀ kọjá 250,000, yóò rí i gbà láàárọ̀ Ajé. Lọ́jọ́ kan náà ni wọ́n ti Signature Bank ní New York. Ní Lọ́ńdọ̀nù, báńkì HSBC ra ẹ̀ka Silicon Valley Bank tó wà níbẹ̀ ní pọ́n-ùn kan ṣoṣo. Ẹni tó ní ìpín nínú báńkì Santa Clara náà kò rí irú ojú àánú bẹ́ẹ̀, mo sì rò pé bí ó ti yẹ nìyẹn.

Àwa tó wà nílé kì í ṣe òǹwòran. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Òkúdù 2024 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Heritage Bank. Oṣù kan péré ṣáájú ìyẹn ni NDIC, àjọ tí ń dáàbò bo owó ìfipamọ́ nílé wa níbí, gbé ìdúró tirẹ̀ kúrò ní ₦500,000 sí ₦5,000,000, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí owó wọn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ sì rí tiwọn gbà kíákíá. Ẹni tí tirẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀ ní láti dúró kí wọ́n ta dúkìá báńkì náà. Ẹ wá wo ilé-iṣẹ́ tó ní ọgọ́ta òṣìṣẹ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gba ₦100,000: mílíọ̀nù mẹ́fà náírà ni owó oṣù wọn nínú àpò kan, orúkọ kan ni ó sì wà lórí àpò náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ gba ènìyàn síṣẹ́, ẹ wo iye ibi tí owó wọn ń sùn sí kí ó tó dé ọwọ́ wọn, kí ẹ sì ní báńkì kejì. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ àti àbúrò tí ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, ẹ ní kí wọ́n bi ọ̀gá wọn léèrè báńkì tí abánisanwó wọn ń lò. Kí wọ́n béèrè kí Ẹtì tó dé.