Akàn Mímú Lórí Èbúté: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tí Ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Bẹ̀rẹ̀

Nígbàkígbà tí a bá lọ yẹ ìwé àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ó wà létí ọ̀sà wò, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ a máa bi wá ní iṣẹ́ tí àwọn lè fi kún tiwọn láìyá owó púpọ̀. Akàn mímú jẹ́ ọ̀kan. Kò gba ọkọ̀, kò sì gba ẹ̀rọ. Láti orí èbúté ní Ẹ̀pẹ́ ni ènìyàn ti lè kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó rọrùn láti bẹ̀rẹ̀ kì í pẹ́ bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ òfin rẹ̀.

Akàn ọ̀sà ni à ń sọ, kì í ṣe akàn orí ilẹ̀ tí ń gbẹ́ ihò. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Callinectes amnicola. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì tí ó kẹ́yìn pẹlẹbẹ bí àjẹ̀ ọkọ̀. Òun ni ó fi ń wẹ̀. Ìsàlẹ̀ omi ni ó ti ń wá oúnjẹ kiri, pàápàá nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú.

Ohun èlò kò pọ̀: okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 20, òkúta kékeré tí yóò fà á sísàlẹ̀, orí ẹja fún ìdẹ, àwọ̀n kékeré ọlọ́wọ́ gígùn, àti agbọ̀n. A kò lo ìwọ̀, nítorí akàn fúnra rẹ̀ ni ó ń di ìdẹ mú. Ìdẹ tí ó ti jẹrà jù yóò já kúrò lára okùn.

Ẹ sọ okùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó èbúté, kí ó kanlẹ̀, kí ẹ sì so orí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5 sí 10, ẹ fi ìka kan okùn náà. Bí ó bá wúwo, tí ó sì ń mì, akàn ti dé. Ẹ fà á sókè díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí àwa dán an wò, a fà á bí ẹni ń fa omi nínú kànga. Gbogbo akàn ni ó ń jù ú sílẹ̀ kí ó tó yọ. Bàbá apẹja kan ni ó sọ fún wa pé, “Ọ̀gá, ẹ má bá a jà o. Ẹ jẹ́ kí ó máa jẹun bọ̀.” Kí akàn tó yọ lójú omi, kí ẹnìkejì ti ki àwọ̀n sábẹ́ rẹ̀. Ènìyàn méjì ni iṣẹ́ yìí yẹ. Ẹ má ṣe dá nìkan lọ ní alẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ gbé akàn, ẹ̀yìn ni kí ẹ ti dì í mú, nídìí ẹsẹ̀ tí ó kẹ́yìn, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè dé.

Ẹ yí gbogbo akàn wò lábẹ́ ikùn. Ìbòrí abẹ́ ikùn akọ tẹ́ẹ́rẹ́. Ti abo tí ó ti dàgbà fẹ̀. Abo tí ó gbé ẹyin síbẹ̀, ìbáà pupa bí ọsàn tàbí kí ó ti dúdú, ẹ dá a padà sínú omi. Ẹyin tí ọ̀kan gbé lè ju 100,000 lọ. Omi iyọ̀ ni àwọn ọmọ rẹ̀ nílò. Ìdí nìyí tí ìyá fi ń lọ sápá òkun láti pa ẹyin. Ẹni tí ó tà á lónìí ti ta akàn ọdún tí ń bọ̀. Èyí tí kò tó ìbú àtẹ́lẹwọ́, àwa a máa dá òun náà padà.

Ibi tí owó ti ń sọnù jù ni ibi ìpamọ́. Nígbà kan, a kó akàn wa sínú korobá olómi, a sì dé e. Kí a tó dé ọjà, ọ̀pọ̀ ti kú. Àṣìṣe tiwa ni. Akàn ti mí afẹ́fẹ́ inú omi náà tán. Inú agbọ̀n ni kí ẹ kó o sí, lábẹ́ òjìji, kí ẹ fi àpò tí a rẹ sínú omi bò ó. Bí ara rẹ̀ bá ṣáà tutù, yóò wà láàyè fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Akàn tí ó bá kú kí ẹ tó sè é, ẹ sọ ọ́ nù. Kíá ni ó ń bàjẹ́, ó sì lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá.

Kí akọ̀wé máa kọ iye tí a mú, iye tí a dá padà, àti iye tí ó kú sínú ìwé lójoojúmọ́. Iye tí ó kú ni yóò fi hàn yín ibi tí èrè ń gbà lọ.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Orúkọ ẹgbẹ́ wa sì ti sọ ìyókù: kí a jẹ, kí ó sì ṣẹ́kù. Bí a ti ń ṣe é nídìí owó ni kí a ṣe é nínú ọ̀sà.