Àsìkò Ìtàn ní Ilé Ìtàwé: Kí Ni Ọmọ Ń Rí Gbà Níbẹ̀?

Àwọn ilé ìtàwé kan ti sọ ọ́ di àṣà láti máa pe àwọn ọmọdé jọ, kí àgbàlagbà kan ka ìwé aláwòrán fún wọn. Àwọn kan nínú wa rò pé ọgbọ́n à-ti-tàwé lásán ni. Ọgbọ́n náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, nítorí ọmọ tó bá gbọ́ ìtàn tán yóò fẹ́ di ìwé náà mú relé. Ṣùgbọ́n èrè ọmọ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tí ń kàwé yóò kọ ojú ìwé sí àwọn ọmọ kí gbogbo wọn lè rí àwòrán. Kò ní kà á bí ẹni ń ka ìròyìn. Yóò dúró, yóò béèrè pé: "Kí nìyí? Kí ni ẹ rò pé yóò ṣe?" Wọn yóò dáhùn, yóò sì fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀ wọn. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ní 1988, Grover Whitehurst àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ́ àwọn òbí kan láti máa bi ọmọ wọn kékeré léèrè báyìí bí wọ́n bá ń kàwé fún un. Àwọn òbí yòókù ń kà á bí wọ́n ti ń kà á tẹ́lẹ̀. Láàárín oṣù 1, àwọn ọmọ tí wọ́n ń bi léèrè ti fi ọ̀rọ̀ sísọ ṣíwájú ẹgbẹ́ wọn. Gbogbo wọn ni wọ́n kàwé fún. Ìbéèrè ló mú ìyàtọ̀ wá. Àwọn baba wa tí ń pàlọ́ kò ṣàìmọ èyí, wọn kì í pa á kí ọmọ má gbè é. (Ọmọ ilé-kéwú tí ń ṣí ìwé láti apá ọ̀tún yóò rí i pé apá òsì ni ti ibí yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù, ọmọ kì í sọnù sáàárín méjèèjì.)

Ẹ wo ìwé "Baby Goes to Market" tí Atinuke, ọmọ Nàìjíríà, kọ ní 2017. Ìyá pọn ọmọ lọ sọ́jà. Wọ́n fún ọmọ ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ 6. Ó jẹ 1, ó ju 5 sínú agbọ̀n orí ìyá rẹ̀. Ó tún gba ọsàn 5, ó jẹ 1, ó ju 4 síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni iye náà ń dín kù, tí ọmọ tó ń gbọ́ sì ń ṣe ìṣirò láìmọ̀. Ìyá kò mọ ohun tó wà lórí rẹ̀, àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n. Ìdí ẹ̀rín wọn nìyẹn.

Ọmọ tí alágbàtọ́ rẹ̀ ń ti ọjà dé lóru, tí kò rí ẹni bá a sọ̀rọ̀ nílé, òun ni àsìkò yìí wúlò fún jù, òun náà ni kì í sì í sábà débẹ̀. Owó ọkọ̀ nìkan tó láti dí i lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń mú ọmọ yín lọ, àyè lè wà fún ẹnì kan sí i nínú ọkọ̀ yín. Níbi tí kò sí ilé ìtàwé, ìwé kan, ẹní kan àti ẹni tó mọ̀wé kà ti tó. Bí ọmọ bá ní kí ẹ tún un kà, ẹ tún un kà. Ní ìgbà kejì, òun ni yóò máa sọ ohun tí ń bọ̀ kí ẹ tó ṣí ewé.